Hàntú Àbúrò Mi

Ẹnu mi mú. N kò fi yangàn o, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti bá mi ṣiṣẹ́ ní ilé ìwé kan náà ní Ẹdẹ kò ní jiyàn ẹ̀. Tíṣà ni mí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń bá ọmọ ọlọ́mọ pariwo, n kò sì tíì rí ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ tí kò gbọ́. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé àwọn ará pápákọ̀ kì í jẹ́ kéèyàn fọwọ́ gbé omi wọ ọkọ̀ òfuurufú, mo ní kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ fún mi, èmi á bá wọn sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ lọ bá wọn sọ yẹn ni mo ń tìtorí ẹ̀ sunkún dòní.

Àbúrò mi ọkùnrin ló wà lókè òkun. Àwa méjèèjì là ń pe ìyá wa ní Màámi. Ó ti lo ọdún mẹ́jọ lọ́hùn-ún, ilé ìkẹ́rùsí kan ló ti ń ṣiṣẹ́, kò sì tíì wálé lẹ́ẹ̀kan rí. Ìtọ̀ ṣúgà ló kọ́kọ́ mú un, ó sì pa á mọ́ fún wa. Nígbà tí a ó fi gbọ́, ó ti ba kíndìnrín ẹ̀ jẹ́, ilé ìwòsàn ló ń gbé. Àwọn dókítà kọ lẹ́tà pé kí ẹnì kan nínú ẹbí tètè máa bọ̀. Orúnkún Màámi kò jẹ́ kí wọ́n lè rìn dé ẹnu ọ̀nà láìfọwọ́ ti ògiri, bó ṣe jẹ́ pé èmi ni mo gba físà nìyẹn. Màámi kò bá mi jiyàn. Wọ́n kàn ní àwọn á fi nǹkan rán mi sí i.

Ní agbo ilé wa, bí àìsàn bá le, tí oògùn ilé ìwòsàn kò tètè ràn án, ọ̀dọ̀ àáfà àgbà la máa ń lọ. Wọ́n á fi tàdáà dúdú kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sójú wàláà onípákó, wọ́n á fi omi fọ̀ ọ́ sínú àwo. Omi dúdú yẹn ni hàntú. Aláìsàn á mu ún. Èmi àti àbúrò mi, mímu la mu ún dàgbà. Ó korò, kì í ṣe kékeré. Àbúrò mi kì í gbà á sẹ́nu nígbà tó wà ní kékeré. Á pa eyín dé, á máa ju ẹsẹ̀, àfi bí Màámi bá da oyin sí i. Oyin ìlú Ara ni, obìnrin kan ló máa ń gbé e wá fún wa láti oko wọn. Ti àbúrò mi nìkan ni oyin máa ń wà nínú ẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ àgbà, wọ́n á ní kí n fara dà á. Inú a máa bí mi burúkú.

Àáfà àgbà ti darúgbó kùjọ́kùjọ́ báyìí, ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n. Síbẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi kọ ti àbúrò mi. Mo jókòó tì wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n parí ẹ̀. Bí ọwọ́ wọn bá ti gbọ̀n ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n á dúró, wọ́n á mí, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ méje ni kó fi mu ún, ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Màámi ló gba àwo náà lọ́wọ́ wọn. Àwọn nìkan ni wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n rọ ọ́ sínú ike omi, wọ́n dé e pa, wọ́n fi láílọ́ọ̀nù wé e, wọ́n tún wá fi gèlè funfun wọn kan dì í lórí láílọ́ọ̀nù.

Wọ́n pè mí wọlé. Wọ́n ní, “Wò ó, o ò gbọdọ̀ gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. O ò gbọdọ̀ kó o mọ́ aṣọ, kó o má sì jẹ́ kó bá bàtà gbé. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni. Ọwọ́ rẹ ni kó wà títí wàá fi gbé e lé ọmọ mi lọ́wọ́. Kò gbọdọ̀ kán sílẹ̀.”

Mo ní, “Màámi, ẹni tó bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì ní inú àpótí ńlá ni kí n kó gbogbo nǹkan olómi sí.”

“Àpótí tí bàtà rẹ wà nínú ẹ̀? Tí wọ́n á gbé sábẹ́ ọkọ̀, tí àwọn èèyàn á máa rìn kọjá lórí ẹ̀?”

“Màámi, wọn kì í rìn lórí ẹ̀, ó ní ibi tí—”

“Ṣèlérí fún mi.”

Mo ṣèlérí. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ìyá tí kò lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ ẹ̀ ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìrun àsùbá ọjọ́ kejì, wọ́n rọra fọwọ́ ti ògiri jáde wá sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì dúró síbẹ̀ títí ọkọ̀ wa fi ṣí.

Ní pápákọ̀ òfuurufú l’Ékòó, mo fi àpótí ńlá sílẹ̀ fún àwọn tó ń gba ẹrù, wọ́n lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn. Àwọn ìmígréṣọ̀n wo pásípọ́ọ̀tù mi, wọ́n bi mí pé kí ni mo ń lọ ṣe, mo fi lẹ́tà dókítà hàn wọ́n, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lóǹtẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù ọwọ́ wò ni gèlè funfun Màámi ti fa ojú wọn mọ́ra. Ọ̀gá kan tó nírùngbọ̀n funfun ló tú u. Àpá ìforíkanlẹ̀ wà níwájú orí ẹ̀.

Ó ní, “Àǹtí, kí lèyí?”

“Hàntú ni. Àbúrò mi ń ṣàìsàn lọ́hùn-ún.”

Bó ṣe gbọ́ hàntú, ó fi ọwọ́ kejì ti ike náà lẹ́yìn. Ó rọra gbé e lé orí tábìlì. Ó wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Ẹ gbọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn tí ẹ kó ẹrù fún kò tíì parí iṣẹ́. Ẹ padà lọ bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n bá yín fi í sínú ẹrù ńlá. Bí èmi bá fi yín sílẹ̀, níbi tí ẹ ti máa wọ ọkọ̀ kejì, wọn ò ní fi yín sílẹ̀. Wọn ò mọ̀ ọ́n lọ́hùn-ún.”

Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀yin ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin náà lè gbé hàntú ti bàtà?”

Ó tún wo ike náà lórí tábìlì.

Mo ní, “Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún mi. Ogún ọdún ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè òyìnbó. Èmi á bá wọn sọ ọ́.”

Ó mi orí. Ó fọwọ́ ara ẹ̀ wé gèlè náà padà, ó sì ní, “Ọlọ́run á fi ṣe ìwòsàn fún wọn.” Mo ṣe àmín, mo gbé àpò mi kọ́ èjìká, mo kọjá. Mo tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ti bá èkíní sọ̀rọ̀, ó sì gbọ́. Ọkùnrin yẹn fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ni, mo sì fi ẹnu lé e sẹ́yìn. Ojoojúmọ́ ni mò ń rántí ojú ẹ̀.

Orí itan mi ni mo gbé ike náà lé nínú ọkọ̀. Ọwọ́ kan ni mo fi jẹun. Nígbà tí ìtọ̀ gbọ̀n mí, n kò lè gbé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run wọ ilé ìtọ̀, n kò sì lè gbé e fún ará ìta tó jókòó tì mí, ni mo bá fún ẹsẹ̀ pọ̀ títí a fi balẹ̀. Bí ẹni bá rí mi bí mo ṣe ń rìn jáde nínú ọkọ̀ yẹn, á ní arọ ni.

Ní pápákọ̀ kejì, obìnrin kan tó wọ ìbọ̀wọ́ búlúù ló tú gèlè. Ó di ike náà mú lọ́rùn, ó mì ín, omi dúdú náà ru sókè. Ó bi mí pé kí ni. Mo ní àdúà ni. Ó ní kí ni? Mo ní àdúà ni, tí wọ́n kọ, tí wọ́n fọ̀, oògùn àbúrò mi ni. Mo fa lẹ́tà dókítà yọ. Ó kà á, ó ní kò sí omi dúdú nínú ohun tí dókítà kọ. Òótọ́ ló sọ. Gbogbo èdè òyìnbó tí mo fi ń jẹun, n kò rí ìkan nínú ẹ̀ tó lè sọ hàntú. Mo kàn ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà ní ohùn òkè. Ọkùnrin méjì sún mọ́ wa. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ń mí kanlẹ̀.

Obìnrin náà fi ọwọ́ han agolo ńlá kan pé kí n jù ú síbẹ̀. Mo yọjú wo inú ẹ̀. Ike ìpara wà níbẹ̀, ọṣẹ olómi wà níbẹ̀, ìgò ọtí tí ẹnì kan mu kù dùbúlẹ̀ sórí wọn, ó ń jò. Ọtí! Mo já ike mi gbà. Yorùbá ló jáde lẹ́nu mi, mo ní, “Ẹ ò ní í rí i ṣe! Ẹ ò ní í da ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sínú ọtí lójú mi!” Ẹ̀rù bà á, ó fà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó wo tíkẹ́ẹ̀tì mi, ó wo aago, ó rọra sọ fún mi pé ọkọ̀ mi ti ń gbèrò. Ó ní nǹkan méjì ló wà níbẹ̀: kí n jù ú nù, tàbí kí n mu ún níbi tí mo dúró sí.

Kò sí ọmọ ilé wa tí kò mọ̀ pé bí aláìsàn kò bá lè mu hàntú mọ́, ẹlòmíràn ní í mu ún. Kì í kan ilẹ̀. Bísímílà ni mo ṣe. Mo gbé e sẹ́nu.

Ti ọjọ́ méje ni mo mu lóòró. Tàdáà rẹ̀ ki, ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́fun. Mo ń retí oyin, n kò bá a pàdé. Ó korò títí délẹ̀. Omijé ń já bọ́ lójú mi, mò ń gbé e mì, mò ń sọ nínú ọkàn mi pé, Ọlọ́run, kì í ṣe èmi ni wọ́n kọ ọ́ fún, Ìwọ lo mọ orúkọ tó wà nínú ẹ̀, jọ̀wọ́ jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Èyí tó kù nísàlẹ̀, mo gbọ̀n ọ́n sí àtẹ́lẹwọ́, mo fi pa iwájú orí. Kò kán sílẹ̀. Obìnrin oníbọ̀wọ́ náà ń wò mí, ó sì ní kí n máa kọjá.

Nígbà tí mo dé orílẹ̀-èdè tí àbúrò mi wà, ẹni tó ń yẹ pásípọ́ọ̀tù wò wo àwòrán mi, ó wo ojú mi, ó tún wo ẹnu mi. N kò mọ̀ pé gbogbo ètè àti eyín mi ti dúdú. Ó bi mí bóyá ara mi yá. Mo ní ó yá. Ó ní ṣé mo gbé nǹkan kan mì kí n tó dé ibí? Èmi òpè, tí wọ́n tọ́ dàgbà pé kí n má purọ́, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Yéè! Bẹ́ẹ̀ ni yẹn ló kó mi sí wàhálà. Wọ́n mú mi wọ yàrá kan. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù tú àpótí mi palẹ̀, wọ́n gbọ́ òórùn ẹ̀gúsí, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún láílọ́ọ̀nù èlùbọ́. Ta ló fún mi ní ohun tí mo gbé mì? Ìyá mi. Kí ló wà nínú ẹ̀? Àdúà. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú mi, wọn ò rí nǹkan kan. Mo ní nínú ara mi pé, ẹ máa wá a lọ, ẹ ò ní í rí i. Oòrùn ti wọ̀ kí wọ́n tó pe ilé ìwòsàn, kí wọ́n tó ní kí n máa lọ.

Àbúrò mi ti gbẹ. Bí wọ́n ṣe ní kí n wọlé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo kọ́kọ́ rò pé mo ṣi yàrá wọ̀, n kò dá a mọ̀. Ó rí mi, ó na ọwọ́.

“Àǹtí mi. Màámi ní hàntú wà lọ́wọ́ yín.”

Mo ti ro irọ́ tí màá pa nínú ọkọ̀ láti pápákọ̀, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ni mo ń wò yìí. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Mo la ẹnu, mo fi ahọ́n mi hàn án. Ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e, tí nọ́ọ̀sì fi wọlé.

Ó ní, “Ẹ̀yin àti ẹnu yín yìí! Ẹ ti gba tèmi mu.” Nígbà tó rí i pé mò ń sunkún, ó di ọwọ́ mi mú. “Ẹ dákẹ́. Ẹ má sọ fún Màámi. Ọkàn wọn á bàjẹ́.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Màámi pè. Mo gbé fóònù sí i létí, mo sì ń gbọ́ ohùn wọn.

“Ṣé o ti bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún?”

“Mo ti mu ti òwúrọ̀, Màámi.”

“Báwo ló ṣe rí?”

“Ó dùn,” àbúrò mi ní. “Oyin ẹ̀ pọ̀, bí ẹ ṣe máa ń ṣe é fún mi.”

Oyin wo? N kò ráyè sọ fún un pé oyin kò sí nínú ẹ̀. Màámi dákẹ́ lórí fóònù, mo rò pé ìlà ti já. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn wọn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: “Alihamudulilahi. Mu ún tán, ọmọ mi.” Ara mi wálẹ̀. Mo ní wọn ò fura.

Ọjọ́ kẹsàn-án tí mo débẹ̀ ni àbúrò mi kú. Àwọn ará mọ́sálásí ibẹ̀ wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sin ín sí ilẹ̀ tó tutù. Èmi nìkan ni ará ilé tó wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo padà sí Èkó, kọ́sítọ́ọ̀mù kan ní kí n ṣí àpótí kejì tí mò ń fà. Ó ní kí ni mo kó dé. Mo ní aṣọ àbúrò mi. Ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ sókè, ó wo ojú mi, ó dá a padà, ó sì fọwọ́ ara ẹ̀ pa àpótí náà dé. Ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o.” Ọjọ́ kan ṣoṣo tí n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn nìyẹn.

Ilé wa kún fún àwọn tó wá kí Màámi. Ẹni tó bá ti wọlé, wọ́n á sọ fún un pé, “Ó mu hàntú ẹ̀ kó tó lọ o. Ó ní ó dùn.” Wọ́n á wá yíjú sí mi. Èmi náà á mi orí. Báyìí ni mo ṣe ń mi orí fún ọdún mẹ́rin.

Ohun kan wá wà tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ tí mo ti mu omi yẹn, n kò ṣàìsàn rí. Ibà a wọ agbo ilé, á dá gbogbo wa dùbúlẹ̀, á fò mí. Ikọ́ kì í mú mi. Èmi tí orí máa ń fọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tẹ́lẹ̀, n kò mọ bí orí fífọ́ ṣe rí mọ́. Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní kí n sọ oògùn tí mò ń lò. Àlàáfíà tó yẹ kí inú èèyàn dùn sí, ẹ̀rù ẹ̀ ló máa ń bà mí. Mo mọ ẹni tó ni ín.

Lọ́dún yìí ni àìsàn wá mú Màámi gan-an. Àáfà àgbà ti kú, ọmọ wọn ló kọ hàntú fún wọn. Èmi ni mo rọ ọ́ sínú ife. Oyin Ara wà lórí tábìlì. Mo ṣí i, mo fẹ́ da díẹ̀ sí i.

“Má fi sí i,” Màámi ní.

“Ó máa korò, Màámi.”

“Jẹ́ kó korò. Mi ò fi sí ti àbúrò rẹ náà.”

Mo dúró bí mo ṣe wà, ṣíbí wà lọ́wọ́ mi.

“Ọjọ́ tí mo wọ yàrá lọ yẹn, mo gbé oyin dání. Mo wá rántí pé ṣúgà ló ń ṣe é. Mo ní ó ti dàgbà, á fara dà á. Mo gbé oyin sílẹ̀. Ó wá sọ fún mi pé oyin ẹ̀ pọ̀.”

Mo gbé ṣíbí sílẹ̀, mo kúnlẹ̀.

“Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀,” wọ́n ní. “Mò ń retí pé wàá sọ ọ́. Nígbà tó yá, mo ní bó ò bá sọ ọ́ náà, kò burú, ìwọ ló kù mí kù.” Wọ́n wò mí. “Ta ló mu ún?”

“Èmi ni, Màámi.”

“Ṣé o mu ún tán?”

“Mo mu ún tán.”

“Kò kán sílẹ̀?”

“Kò kán sílẹ̀.”

Wọ́n ní, “Alihamudulilahi.” Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí mi, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún wa nígbà tí a wà lọ́mọdé láti mọ̀ bóyá ara wa gbóná. Ara mi kò gbóná. Wọn kò gbé ọwọ́ náà kúrò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.